Ọ̀dà Funfun Lórí Páànù Ilé Ìyá Mi: Àyẹ̀wò Lẹ́yìn Ẹ̀ẹ̀rùn Méjì

Ní ilé ìyá mi ní Òkè-Fóòkò, nílùú Ìbàdàn, abọ́ òrí kan máa ń wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, abọ́ yìí gan-an ni ó sì kọ́kọ́ jẹ́rìí sí ọ̀dà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí a tó kun òrùlé ilé náà, bí oṣù Kejì bá ti wọlé, òrí náà kì í rí aago méjì ọ̀sán kí ó tó yọ́ di omi pátápátá, tí ìyá mi yóò sì máa fi ọwọ́ bù ú bí ẹni bu epo. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ tó tẹ̀lé kíkùn náà, òrí rọ̀, ó ń dán, ṣùgbọ́n kò yọ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n pè mí wọ yàrá. Wọ́n ní, "Wá wo nǹkan, òrí mi dì lọ́sàn-án gangan." Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí pé ọdún mẹ́ta gbáko ni mo ti ń wá ọ̀nà tí yàrá náà yóò fi ṣeé gbé ní ọ̀sán fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Ohun tí mò ń yẹ̀ wò níbí ni ọ̀dà funfun tí wọ́n dìídì ṣe fún òrùlé, irú èyí tó ki bí ògì tí a kò tíì bomi là, tó máa ń fà bí rọ́bà nígbà tí ó bá gbẹ, tí wọ́n ń tà nínú ike onílítà 20. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe é kì í ṣe ẹyọ kan, èmi náà kò sì ní dárúkọ ọ̀kankan, nítorí pé àwọ̀ ọ̀dà náà àti bí wọ́n ṣe pò ó ló ń ṣiṣẹ́, orúkọ tó wà lára ike kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Mo dúró kí ẹ̀ẹ̀rùn méjì àti àkókò òjò méjì kọjá lórí rẹ̀ kí n tó kọ ohunkóhun, nítorí ọ̀dà tí ènìyàn yìn lọ́jọ́ tí wọ́n kùn ún kò tíì rí ọyẹ́, kò sì tíì rí òjò.

Ẹni tó bá ti dúró lórí òkè Màpó rí, tó sì wo ìlú nísàlẹ̀, mọ bí òrùlé Ìbàdàn ṣe rí: páànù lẹ́yìn páànù, gbogbo rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ débi pé ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ pé ó ti dán bíi fàdákà rí. Ilé wa wà lára wọn. Bàbá mi ló kan páànù náà nígbà ayé wọn, kò sì jò, ìdí nìyẹn tí a kò fi kà á sí ohun tó ní àléébù. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n fi koríko bẹẹrẹ tàbí ewé gbọ́dọ̀gí bo ilé kò mọ irú ooru yìí, nítorí afẹ́fẹ́ tó há sáàárín koríko kì í jẹ́ kí ooru tètè kọjá. Páànù gbà wá lọ́wọ́ iná àti òjò, ṣùgbọ́n ó fi wá lé oòrùn lọ́wọ́. Àwọn tó ń gbé abẹ́ páànù tí kò ní àjà mọ ohun tí mò ń wí: lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ inú yàrá nìkan kọ́ ló ń gbóná, ooru máa ń wá láti òkè tààrà, a máa bọ́ sí ènìyàn ní àtàrí àti ní èjìká, bí ẹni pé wọ́n da ààrò dojú dé e.

Kí ó má bàa jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ìbàdàn kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, oòrùn sì máa ń gba àtàrí wa kọjá gan-an lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Nítorí náà, ní ọ̀sán, ògiri kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oòrùn, òrùlé ló ń gba èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́ tí oòrùn sì wà lókè, agbára tó ń rọ̀ sórí mítà kan níbùú àti lóròó tó nǹkan bí 1,000 wáàtì, èyí tí kò yàtọ̀ sí agbára áyọ́ọ̀nù oníná kan tí a fi ń lọ aṣọ. Òrùlé ilé wa gba nǹkan bí 120 irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Kí ẹ fojú inú wo 120 áyọ́ọ̀nù tí wọ́n tò sórí páànù, tí gbogbo wọn sì wà lórí iná lẹ́ẹ̀kan náà. Páànù tó ti dípẹtà máa ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára náà sára. Ọ̀dà funfun tó dára, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, máa ń dá nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún padà sójú ọ̀run. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ní ọ̀sán gangan, 96 áyọ́ọ̀nù ló ń jó lórí ìyá mi tẹ́lẹ̀, ó wá ku 24.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun rárá. Benjamin Franklin ti Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan ní ọdún 1761 pé òun tẹ́ ègé aṣọ aláwọ̀ oríṣìíríṣìí sórí òjò dídì ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn mú. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, aṣọ dúdú ti rì jù gbogbo wọn lọ nítorí pé òjò dídì abẹ́ rẹ̀ ti yọ́, aṣọ funfun sì wà lójú ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, kò rì rárá. Àwa kò ní òjò dídì, ṣùgbọ́n a ní òrí. Mo mú ìdérí agolo mílíìkì méjì, mo fi òrí tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi ègé aṣọ ẹ̀tù kan tí kò wúlò mọ́ bo ọ̀kan, mo fi ègé aṣọ funfun bo èkejì, mo sì gbé àwọn méjèèjì sójú oòrùn lórí pèpéle. Àwọn ọmọ àbúrò mi dúró tì mí, wọ́n ń ṣí aṣọ wò ní gbogbo ìgbà títí mo fi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Nígbà tí a ṣí i, òrí abẹ́ ẹ̀tù ti fẹjú sílẹ̀, ó ti di omi aláwọ̀ ìyeyè tó ń rìn lọ sí etí ìdérí; èyí tó wà lábẹ́ aṣọ funfun ṣì gbé igun rẹ̀ dúró, ó kàn ń dán lórí ni. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà béèrè ibi tí oòrùn tó wọ inú aṣọ dúdú gbà lọ, ìbéèrè rẹ̀ sì ṣe rẹ́gí. Ohun tó bá dúdú lójú wa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ni, kò dá a padà fún ojú láti rí, ìmọ́lẹ̀ tó sì gbé mì kì í ṣòfò, ooru ló ń dà. Nínú ọ̀dà funfun, àwọn hóró kéékèèké kan wà, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní titanium dioxide, tí wọ́n ń da ìmọ́lẹ̀ nù síhìn-ín sọ́hùn-ún títí tí ó fi jáde padà síbi tó ti wọlé.

Ṣùgbọ́n kí n tó mọ irú ọ̀dà tó yẹ, mo ti fi owó ṣòfò lẹ́ẹ̀kan, mo sì fẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ẹni tí mo kọ́kọ́ lọ bá lọ́jà fi dá mi lójú pé funfun ni funfun ń jẹ́, pé ọ̀dà ara ògiri tí wọ́n ń pè ní ìmọ́ṣọ̀n yóò ṣe iṣẹ́ kan náà ní owó tí kò tó ìlàjì. A kùn ún sórí ìpẹtà bẹ́ẹ̀, a kò ha páànù, a kò fọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ ọdún rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí èèpo àlùbọ́sà, omi funfun sì ń ṣàn bọ̀ sínú àgbá tí ìyá mi ń gbé sábẹ́ òrùlé láti fi gbe omi òjò. Owó àjọ wọn wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ bá ẹni tó tà á, ó ní òun kò sọ pé kò ní bó. Ó dùn mí gidigidi, ṣùgbọ́n ìmọ́ṣọ̀n náà kò jẹ̀bi ohunkóhun: ara ògiri ni wọ́n ṣe é fún. Páànù máa ń fẹ̀ lọ́sàn-án nígbà tí ó bá gbóná, a sì máa sún kì lóru nígbà tí ó bá tutù, ẹ̀yin náà á máa gbọ́ bí ó ṣe ń ké ṣáká-ṣáká ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀dà tí kò bá lè fà bí páànù ṣe ń fà yóò sán, omi yóò sì gba ojú sísán náà wọ abẹ́ rẹ̀.

Ní ìgbà kejì, bàbá akunlé kan tí ọ̀rẹ́ mi mú wá ló ṣe iṣẹ́ náà, mo sì fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe ṣe é, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ìdajì ohun tí mò ń yìn. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ha ìpẹtà àti ìmọ́ṣọ̀n tó ṣẹ́kù kúrò pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì onírin. Wọ́n fọ òrùlé náà, wọ́n jẹ́ kí ó gbẹ, wọ́n wá kun ọ̀dà ìpẹtà sí i lákọ̀ọ́kọ́, èyí tí àwọn akunlé ń pè ní púráímà. Gbogbo orí ìṣó ni wọ́n fi ọ̀dà nínípọn lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fi ata sórí àkàrà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà funfun wá: ìpele àkọ́kọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀, ìpele kejì ní ọjọ́ kejì, wọ́n sì gba ìbú páànù kọjá kí ó má bàa sí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì fò. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ti ń gun àkàsọ̀. Kí wọ́n tó kun ọ̀dà sí ibì kan, wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan páànù ibẹ̀, bí ìyá ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Bí ó bá ti gbóná jù, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, kò sí ẹni tó lè rọ̀ wọ́n. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé lórí páànù gbígbóná, ojú ọ̀dà á ti gbẹ kí abẹ́ rẹ̀ tó gbẹ, yóò sì wú bíi ti ara tí omi gbígbóná ta sí. Ike márùn-ún la rà, lítà 100, fún ìpele méjèèjì.

Mo ti ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn ooru kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní oṣù Kejì, kí a tó kun òrùlé, mo so ó mọ́ igi láàárín páànù àti àjà, ó sì kà 46°C. Ní oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀lé e, ní ọjọ́ tí ooru ìta kò yàtọ̀, ibi kan náà kà 37°C. Nínú yàrá ìyá mi, 36°C di 33°C. Ilé kan ṣoṣo àti ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni mo fi wò ó, kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé iye kan náà gẹ́lẹ́ ni òun yóò rí nílé tirẹ̀. Ẹni tó bá wo 3°C tí yàrá fi dín kù lè sọ pé kò tó nǹkan. Ara kò gbà bẹ́ẹ̀. Àjà tó gbóná máa ń ta ooru sí ènìyàn lára láì jẹ́ pé afẹ́fẹ́ gbé e, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ìdáná ṣe ń mọ ooru lójú kódà bí afẹ́fẹ́ bá tutù. Nígbà tí àjà náà bá dẹ̀, ara á mọ̀ ọ́n kí ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n. Tẹ́lẹ̀, fáànù kàn máa ń gbé ooru yí ká yàrá ni. Nísinsìnyí, ó ń fẹ́ atẹ́gùn. Ìyá mi, tí wọ́n máa ń gbé àga jáde jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí di nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ kí wọ́n tó lè wọlé sùn, ti ń sùn ní aago mẹ́sàn-án.

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún, sọ fún mi pé kí n má wulẹ̀ náwó sórí ọ̀dà, kí n ra páànù tuntun tó ń dán, nítorí pé ohun tó ń dán bíi dígí ń ta oòrùn dànù. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Páànù tuntun máa ń dá ju ìlàjì ìtànṣán oòrùn padà lóòótọ́. Ìyọnu rẹ̀ ni pé ìwọ̀nba tí ó bá gbà sára kì í tètè kúrò lára rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá gbóná ló máa ń tú ooru rẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí ìtànṣán tí ojú kò lè rí. Ọ̀dà mọ iṣẹ́ yìí ṣe dáadáa, irin tó ń dán kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ gbé ìdérí ìkòkò irin tó ń dán àti abọ́ tánganran funfun sójú oòrùn fún wákàtí kan, kí ẹ wá fọwọ́ kàn wọ́n. Ìdérí tó ń dán yẹn, tó dà bí ẹni pé kò gba oòrùn rárá, ni yóò mú yín ké. Yàtọ̀ sí èyí, dídán páànù kì í pẹ́ lọ títí: ọdún mélòó kan ni, á ṣú, ìpẹtà á sì tẹ̀lé e. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ páànù nítorí pé ó ń jò, kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí páànù rẹ̀ ṣì le, tó jẹ́ pé ooru nìkan ló ń bá jà, ọ̀dà ni kí ó rà.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tún ní ohun kan nínú tí àwọn tó ń tà á kò lè ṣàlàyé fún mi. Wọ́n ní ọ̀dà òrùlé aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ pupa wà tó ń "mú ilé tutù" bíi funfun. Nǹkan bí ìlàjì agbára oòrùn ló wà nínú ìtànṣán tí ojú ènìyàn kò lè rí, nítorí náà ọ̀dà pupa méjì lè jọra lójú bí ìbejì, kí ọ̀kan máa gba ìtànṣán tó farapamọ́ yìí sára, kí èkejì sì máa dá a padà. Irú èkejì yìí wà, ó sì sàn ju ọ̀dà dúdú tàbí pupa lásán lọ, ṣùgbọ́n kò lè dé ibi tí funfun dé, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ gbé apá kan ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí mì kí ó tó lè ní àwọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kí ó wo ara ike bóyá wọ́n kọ ìdá ìtànṣán oòrùn tí ọ̀dà náà ń dá padà síbẹ̀. Bí wọn kò bá kọ ọ́, kí ó ra funfun. Funfun pàápàá ju funfun lọ: ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ṣe ọ̀dà kan tó ń dá ìdá 98.1 nínú 100 ìtànṣán oòrùn padà, nítorí pé wọ́n fi barium sulfate rọ́pò titanium dioxide, èyí tó máa ń gba ìtànṣán ultraviolet, ọ̀kan lára ìtànṣán oòrùn tí ojú kò lè rí, sára. N kò rí irú rẹ̀ lọ́jà wa, èyí tó wà lọ́jà sì ti tó fún òrùlé Òkè-Fóòkò.

Àléébù tó tóbi jù tí mo rí lára ọ̀dà yìí ni pé kì í wà ní funfun fúnra rẹ̀. Ọyẹ́ àkọ́kọ́ tó fẹ́ lé e lórí bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú eruku. Ní ìparí oṣù Kìíní, òrùlé tí a kùn tó ń kọ mọ̀nà ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ẹ̀rọ mi sì fi hàn pé abẹ́ páànù ti fi 3°C gbóná ju bí ó ṣe wà kí ọyẹ́ tó dé lọ. Mo bẹ bàbá akunlé, wọ́n gòkè pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rírọ̀, omi àti ọṣẹ díẹ̀. Omi tó kọ́kọ́ ṣàn wálẹ̀ pọ́n bí omi àgbàrá. Lẹ́yìn fífọ̀ náà, ooru padà síbi tó wà. Láti ìgbà náà, à ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí oṣù Kejì tó wọlé. Ní àkókò òjò, ohun dúdú kan bí ewédò máa ń hù ní ẹ̀gbẹ́ tí igi máńgòrò ṣíji bò, ó sì ń yọ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má gun òrùlé bẹ́ẹ̀ láìdi okùn mọ́ra. Kódà pẹ̀lú fífọ̀, ọ̀dà náà kò funfun tó bí ó ṣe wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé láàárín ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, agbára rẹ̀ láti dá oòrùn padà á dín kù díẹ̀ kí ó tó dúró lójú kan. Kí ẹni tó bá fẹ́ rà á fi owó fífọ̀ kún ìṣirò rẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹ̀yìn wa. Òrùlé wa wà nísàlẹ̀ fèrèsé wọn, ìmọ́lẹ̀ tó sì ń ta padà láti ara rẹ̀ ń wọ yàrá wọn láti aago mẹ́wàá àárọ̀. Wọ́n kò bínú, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́, mo sì lọ bẹ̀ wọ́n, mo ra kọ́tìnnì fún fèrèsé náà. Mo gbà pé ó yẹ kí n ti ronú sí i kí a tó kùn ún. Ilé tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yí ká lè lo àwọ̀ eérú tó mọ́lẹ̀ dípò funfun, kí ó sì gbà pé ìtùtù rẹ̀ yóò dín díẹ̀.

Nípa omi òjò, a kò gbe omi òjò mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a kùn ún, a jẹ́ kí ó ṣàn lọ, èyí tí a sì ń gbe nísinsìnyí, ìfọṣọ àti ìfọwọ́ la ń lò ó fún. Ní erékùṣù Bermuda, òrùlé òkúta tí wọ́n fi ẹfun òkúta kùn ní funfun ni wọ́n fi ń gba omi òjò mu láti ìgbà pípẹ́, nítorí náà òrùlé funfun àti omi kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ohun tó wà nínú ọ̀dà ni kí ènìyàn béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí ó tó gbé ìgò rẹ̀ sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ní ti òwúrọ̀ ọyẹ́, ìyá mi ní yàrá àwọn tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí ọ̀dà tó mọ ooru tú jáde lọ́sàn-án kì í dẹ́kun iṣẹ́ rẹ̀ lóru. A ra kúbùsù kan sí i.

Lítà méjì péré ló ṣẹ́kù nínú ike kan, mo sì fi í kun táǹkì omi wa dúdú tó wà lórí irin. Ẹni tó bá ti ṣí ẹ̀rọ omi ní aago mẹ́ta ọ̀sán, tí omi tó jáde níbẹ̀ sì ṣeé fi tẹ ẹ̀bà, mọ ìdí. Wọ́n ń ṣe táǹkì ní dúdú kí ìmọ́lẹ̀ má bàa wọ inú rẹ̀ mú ewédò hù, kí oòrùn má sì tètè ba ike rẹ̀ jẹ́. Ara rẹ̀ lóde nìkan ni mo kùn, inú rẹ̀ ṣì ṣókùnkùn. Ó bó níbì kan lẹ́yìn ọdún kan, nítorí ọ̀dà òrùlé kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ike, ṣùgbọ́n omi wa kò gbóná bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìlú mìíràn ti fi ohun yìí ṣe iṣẹ́ ìjọba. New York ti ń kun òrùlé ní funfun láti ọdún 2009 lábẹ́ ètò ìlú, bẹ́ẹ̀ ni Ahmedabad ní Íńdíà, tí ooru pa ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ní ọdún 2010, fi ẹfun sórí òrùlé àwọn tálákà kún ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti kojú ooru. Mo ń wo òrùlé pípọ́n láti Màpó títí dé Òkè-Àdó, ọkàn mi sì ń sọ pé bí a bá lè fi ọdún mẹ́wàá kun òrùlé kan lẹ́yìn èkejì, ìyàtọ̀ yóò hàn lára àwọn arúgbó àti àwọn ọmọ ìkókó tí wọ́n ń sùn lábẹ́ wọn lọ́sàn-án. Owó tí a ná lórí ọ̀dà, púráímà àti iṣẹ́ ọwọ́ kò jìnnà sí iye ẹ̀rọ amúlétutù kékeré kan, pẹ̀lú ìyàtọ̀ pé òrùlé wa kì í dúró de iná ọba kí ó tó ṣiṣẹ́, kò sì ní bíìlì lóṣooṣù.

Bí owó kò bá tó fún gbogbo òrùlé, kí ẹ má tìtorí rẹ̀ pa á tì. Ike kan pẹ̀lú púráímà díẹ̀ á tó fún yàrá kan tàbí méjì, ipa rẹ̀ á sì hàn ní yàrá náà nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru á ṣì máa wá láti ẹ̀gbẹ́ lábẹ́ àjà. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí yàrá ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, kí ẹ sì parí iṣẹ́ náà kí oṣù Kejìlá tó tán, kí ọ̀dà lè gbẹ dáadáa kí ooru tó dé, kí ọyẹ́ sì lè fẹ́ lé e, kí ẹ sì fọ̀ ọ́.